Bí a ṣe ń kọ ọgbẹ́ àti pàjáwìrì tí òǹkàwé á gbà gbọ́

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìtàn àròsọ ni mo sì fi ń najú lálẹ́. Ohun tó máa ń jẹ́ kí n pa ìwé dé ni kí ọta ìbọn wọ akọni ìtàn léjìká lójú ìwé kan, kó sì fi apá yẹn kan náà gun ògiri lójú ìwé tó tẹ̀ lé e. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ló gba ejìká kọjá. Ibẹ̀ náà ni àwọn iṣan tí ọwọ́ fi ń gbọ́ràn sí ọpọlọ lẹ́nu gbà. Ẹni tó gba ìbọn síbẹ̀ lè má gbé síbí mọ́ títí ayé.

Lónìí, a ó jọ kọ ìran kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà mi, òfìfo ni. Kí n tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan, mo ń fa ìlà sí apá òsì ojú ìwé, mo sì ń kọ aago síbẹ̀: ìṣẹ́jú òdo, ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 3, ìṣẹ́jú 10, wákàtí 1, ọ̀sẹ̀ 6. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń ro ibi tí ọgbẹ́ wà àti bó ṣe ń ro ènìyàn lára tó, wọn kì í ro àkókò. Bẹ́ẹ̀, ara kì í dúró de ìtàn. Òǹkàwé tí kò mọ nǹkan kan nípa ìṣègùn á ṣì fura bí aago yẹn bá purọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bi ìtàn yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ kí ọgbẹ́ náà ṣe fún yín, kí ẹ tó yan ọgbẹ́. Ṣé ẹ kàn fẹ́ kí ó dá ẹnì kan dúró ni? Kí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó tó. Àbí ẹ fẹ́ kó rìn, kó sọ̀rọ̀, kó tilẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kó tó wá ṣubú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀? Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀bátí gbá nǹkan líle. Ó lè dákú díẹ̀, kó jí, kó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun ju pé orí ń fọ́ òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń jọ sáàárín agbárí àti awọ tó bo ọpọlọ. Nígbà tó bá yá, á bì, oorun á máa kùn ún, ọmọlójú kan (ibi dúdú àárín ẹyinjú) á fẹ̀ ju èkejì lọ. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ á sì máa sọ pé ẹ jẹ́ kó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ ò rí i pé ìjà ìdílé odidi orí kan ti wà níbẹ̀ fún yín?

Ohun tí mi ò fẹ́ rí mọ́ ni kí wọ́n la igi mọ́ ẹnì kan lórí, kó sùn fún wákàtí kan gbáko, kó jí, kó ra orí, kó sì sáré tẹ̀ lé ọ̀tá. Ẹni tó dákú nítorí ohun tó gbá a lórí sábà máa ń jí láàárín ìṣẹ́jú àáyá tàbí ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò rọrùn: ọpọlọ rẹ̀ ti farapa gidi, tó bá sì jí, ìbéèrè kan náà ni á máa bi yín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àǹkáṣíìfù olóògùn tí wọ́n ń fi bo imú náà ńkọ́? Èèyàn ní láti máa fa chloroform símú fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó sùn, bí wọ́n bá sì gbé e kúrò, kò ní pẹ́ jí. Bí wọ́n bá gbé e pẹ́ jù níbẹ̀, èémí lè dúró.

Ó yá, ìran tiwa. Délé ni mo pe ọkùnrin yìí. Wọ́n gún un lọ́bẹ nítan.

Ìgbésẹ̀ kejì ni pé kí ẹ mọ iye ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ní lọ́wọ́. Nǹkan bíi lítà 5 ló wà lára àgbàlagbà. Bó bá pàdánù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà kan, ó ṣì lè máa bá yín sọ̀rọ̀ dáadáa. Láti ibẹ̀ dé lítà kan àbọ̀, ọkàn rẹ̀ á máa sáré ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan, awọ ara á tutù, òógùn á bò ó, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀. Bó bá kọjá ìyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní jọra mọ́. Bó bá kọjá lítà 2, oorun tí yóò sùn yẹn lè jẹ́ àsùnlọ. Tí ọ̀bẹ bá bẹ́ iṣan ńlá inú itan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù fún gbogbo èyí, ẹ̀jẹ̀ pupa yòò á sì máa tú jáde bí ọkàn bá ṣe ń lù. Tó bá jẹ́ iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn ni, á dúdú díẹ̀, á kàn máa ṣàn.

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ ènìyàn á ṣe kọ ọ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́ báyìí:

«Ìrora ńlá gba gbogbo ara Délé. Ó fa ọ̀bẹ náà yọ, ó ya ẹ̀wù rẹ̀, ó fi di ọgbẹ́ náà, ó sì gbá yá wọn.»

Mo ti pa á rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọ̀bẹ yọ, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kó kú ní ojú ìwé yẹn. Ọ̀bẹ náà lè jẹ́ ohun tó dí iṣan tí wọ́n bẹ́. Tiwa nìyí, ọ̀tá ló fa ọ̀bẹ rẹ̀ yọ tó fi sá lọ:

«Délé rò pé wọ́n gbá òun nípàá ni. Ó gbé ẹsẹ̀ kí ó lé wọn, ó rí i pé bàtà òun ti kún fún omi, omi náà sì gbóná. Ó jókòó sílẹ̀, kò mọ̀ pé òun jókòó. ‹Ẹ fún mi lómi,› ó ní. Kò pẹ́, ó tún ní, ‹Ẹ fún mi lómi.› Ó ń bínú sí obìnrin tó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ ọn nítan, tí kò jẹ́ kó dìde, ṣùgbọ́n kò rántí ibi tó fẹ́ lọ.»

Mi ò dárúkọ ìrora rárá. Nínú ìjà, ó máa ń pẹ́ kí ìrora tó dé, ẹni tí wọ́n gún sì sábà máa ń rò pé ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n lu òun. Òùngbẹ, ìbínú àti ìgbàgbé ń sọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ fún òǹkàwé, láìsí dókítà kan tó ń ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ kẹta, ọwọ́ àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́. Obìnrin yẹn ní láti fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tẹ ọgbẹ́ náà, kó má sì máa ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá, á fi aṣọ fífẹ̀ di itan lókè ọgbẹ́, á ki igi bọ̀ ọ́, á máa yí i títí ẹ̀jẹ̀ á fi dúró. Bẹ́líìtì lásán kì í sábà le tó. Ìgbà yìí gan-an ni Délé á ké, torí pé ìdì yẹn lè dun ènìyàn ju ọ̀bẹ lọ. Kí obìnrin náà kọ aago tó dì í síbì kan, kódà síwájú orí Délé, torí àwọn dókítà á béèrè.

Tí ọkàn bá dúró, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ láyà lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ẹni náà wá húkọ́, kó la ojú. Títẹ àyà gidi ń wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, apá ti ń yẹ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, egungun ìhà sì lè dún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí ọkàn wọn dúró níta ilé ìwòsàn ni kì í padà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi iná ta ọkàn náà kò wúlò nígbà tí ìlà ojú ẹ̀rọ tó ń fi ìlù ọkàn hàn bá ti nà tàrà. Ọkàn tó ń gbọ̀n láìlù dáadáa ni wọ́n ń fi í ta. Bí ẹ bá ti kọ «ìlà náà nà tàrà, dókítà gbé iná sí i», gbogbo nọ́ọ̀sì tó ń ka ìwé yín ti rẹ́rìn-ín.

Nínú yàrá pàjáwìrì, ọ̀rọ̀ ń kúrú, wọ́n sì ń tún un pè padà: «Adrenaline mílígíráàmù kan.» «Adrenaline mílígíráàmù kan, mo ti fún un.» (Oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró ni adrenaline.) Ẹni tó ń pariwo níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni ọ̀sẹ̀ 6 tí mo kọ sísàlẹ̀ ìlà yẹn, ibẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń sá fún. Ohùn Délé á há fún ọjọ́ díẹ̀ bí wọ́n bá ti ki rọ́bà tó fi ń mí sí i lọ́fun. Itan rẹ̀ á ti tín-ín-rín. Àtẹ̀gùn mẹ́wàá á di ìrìn àjò, á sì máa gbá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ dànù nígbà tó bá fẹ́ dì í mú. Tó bá jẹ́ egungun itan ló ṣẹ́, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Tí ìtàn yín ò bá lè dúró dè é bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní, kí ẹ lọ yan ọgbẹ́ mìíràn.

Iṣẹ́ ilé: ẹ mú ìran ìjà kan tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀, ẹ fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ kọ aago sí i, kí ẹ wo gbólóhùn tí kò bá a mu. Ọgbẹ́ iná àti èéfín la máa fi fídíò tó ń bọ̀ ṣe.