Ṣé kí n dúró kí owó SSD wálẹ̀ ni, àbí kí n gba Computer Village lọ?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìbéèrè kan ni ẹ̀ ń bi mí ṣáá: "Wọ́n ní owó SSD ń já wálẹ̀, ṣé kí n ní sùúrù díẹ̀ kí n tó pààrọ̀ ti láptọ́ọ̀pù mi?" SSD ni ohun tí láptọ́ọ̀pù tuntun fi ń kó fáìlì pamọ́; háàdì dísìkì ni ti àtijọ́. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Tó bá jẹ́ háàdì dísìkì tó ń yí ló ṣì wà nínú tiyín, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ SSD ló ti wà níbẹ̀, tí kò sì tíì kún, ẹ fi owó yín sápò.

Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ já wálẹ̀. Lọ́dún 2013, SSD 1TB (ìyẹn nǹkan bí 1,000GB) tó nǹkan bí 600 dọ́là. Nígbà tó fi di àárín ọdún 2023, ẹ ó rí irú rẹ̀ ní 45 dọ́là. Ohun tó fà á ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ń to ibi tí wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ sí lérí ara wọn bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn kan ti kọjá 200 ìpele. Àfi bí owó ṣe já débi pé àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn ń pàdánù. Ni Samsung, Micron àti àwọn ẹgbẹ́ wọn bá dín iye tí wọ́n ń ṣe kù, ọjà bá tún gbówó lórí. Nígbà tó di ìparí ọdún 2025, àwọn tó ń kọ́ ibùdó kọ̀ǹpútà ńláńlá fún AI ti ń rà á ní ìràkúrà, owó tún fò sókè.

Tiwa l'Ékòó tún wá yàtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti lé ní 1,400. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: 45 dọ́là yẹn kúrò ní 20,700 náírà, ó di 63,000, a ò sì tíì fi owó ọkọ̀ àti èrè oníṣọ́ọ̀bù kún un. Ọdún tí SSD pọ̀ jù lókè òkun gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ní Ikeja. Ẹni tó bá ń dúró kí owó wálẹ̀, dọ́là ló ń bá ta ayò.

Ẹ wá wo méjèèjì lọ́wọ́ mi. Èyí tó wúwo yìí ni háàdì dísìkì, mo ti tú ìdérí rẹ̀. Ẹ rí awo tó ń dán yẹn? Ó ń yí nígbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀pá tín-ínrín yìí á sì máa sáré kiri lórí rẹ̀ láti wá ohun tí ẹ ní kó gbé wá. Ìwákiri yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ mu gààrí tán kí Windows tó ṣí. Tí danfo bá sì já sí kòtò ní Oshodi nígbà tí láptọ́ọ̀pù ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú báàgì, ọ̀pá yìí lè ha awo náà, àwòrán ìgbéyàwó yín bá a lọ nìyẹn. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú.

Ní ti eré sísá, háàdì dísìkì ń gbé nǹkan bí 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD oní-SATA, ìyẹn èyí tó ń lo ọ̀nà àtijọ́, ń gbé nǹkan bí 550MB, SSD oní-NVMe, tó ń lo ọ̀nà tuntun, sì lè gbé 3,500MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń wo fíìmù, tó ń ṣí Excel, kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín SATA àti NVMe. Ẹ má jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù fi nọ́ńbà dẹ́rù bà yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó máa wọ tiyín o. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ń gba èyí tó fẹ̀, oní-2.5 ínǹṣì. Àwọn tuntun ń gba M.2 pẹlẹbẹ, èyí tó sì wọ́pọ̀ níbẹ̀ jẹ́ mílímítà 22 ní fífẹ̀, 80 ní gígùn. Nínú M.2 náà, SATA wà, NVMe wà, wọ́n jọra lójú, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sábà rọ́pò ara wọn. MacBook tuntun ńkọ́? Inú bọ́ọ̀dù ni wọ́n jó tiẹ̀ mọ́, kò sí ohun tí a fẹ́ pààrọ̀ níbẹ̀.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí láptọ́ọ̀pù yín. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ Intel tó ṣáájú 8th Gen (ìran kẹjọ) ò sì sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11. Tí tiyín bá wà nínú wọn, 256GB ti tó o. Ẹ má ra 1TB sínú arúgbó.

Tí ẹ bá dé Otigba ní Computer Village, tí ẹnì kan pe 1TB ní owó 256GB, ẹ máa bá tiyín lọ. Ayédèrú máa ń kọ 1TB sójú, tí ẹ bá kó nǹkan sí i díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì. Ẹ ní kí wọ́n fi CrystalDiskInfo, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ dísìkì wò, wò ó lójú yín kí ẹ tó sanwó: ibẹ̀ ni wákàtí tó ti lò máa ń hàn. Ohun tí wọ́n pè ní tuntun kò gbọdọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ̀rún wákàtí.

Ẹ sì gba háàdì dísìkì àtijọ́ yín padà lọ́wọ́ ẹni tó bá yín ṣe é. Ẹ ra kéèsì oní-USB, ẹ fi í sínú rẹ̀, ẹ máa kó ẹ̀dà fáìlì yín sí i. Bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ má fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: orúkọ yín, fọ́tò yín àti ìwé báńkì yín ṣì wà nínú rẹ̀.