Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ọmọ eku lábù ti mu ọmú yó

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ eku lábù, ìyẹn eku kékeré tí wọ́n ń sìn fún ìwádìí, tí wọ́n bí lálẹ́ àná la fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra máa sọ̀rọ̀ torí ariwo máa ń já ìyá wọn láyà, táyà ẹ̀ bá sì já ó lè pa wọ́n jẹ.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wá bu nínú èérún igi tí wọ́n ń sùn lé, ẹ fi ra ìbọ̀wọ́ yẹn dáadáa kí òórùn ilé wọn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìyá sí kéèjì míì, kẹ́ ẹ tó ṣí ìtẹ́.

Ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, kò ju bíi gíráàmù kan àtààbọ̀ lọ, kò nírun, ojú ẹ̀ ò tíì là, ara ẹ̀ pọ́n ròrò, ó sì ń mira. Tó bá dúdú bí aró tàbí ó rí bí ẹni tí ò lẹ́jẹ̀ lára, tó sì tutù, ẹ tètè wá nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un torí kò lè mú ara ẹ̀ gbóná fúnra ẹ̀.

Ó wá kan ikùn, ibí gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì, lábẹ́ ìhà, ṣẹ́ ẹ rí nǹkan funfun yẹn? Wàrà nìyẹn, àpò oúnjẹ ẹ̀ ló wà, awọ ẹ̀ ló fẹ́lẹ́ tá a fi ń rí i láti ìta. Èyí kejì yìí ńkọ́? Ó ń mira bíi ti àkọ́kọ́ àmọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀ ṣófo. Irú ẹ̀ ló tàn mí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ní ṣebí wọ́n ń mira, mo ti kéèjì, ìgbà tí mo máa fi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì mẹ́rin ti kú, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Tí gbogbo wọn bá ṣófo, ìyá ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ẹ tẹ ẹnu ìgò omi ẹ̀ wò, ó máa ń dí, ìyá tí ò rómi mu ibo ló ti fẹ́ rí wàrà? Tómi bá wà tí wọn ò sì mu ọmú síbẹ̀, ẹ wá ìyá alágbàtọ́ tó bímọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì sígbà tí wọ́n bí àwọn yìí, ẹ fi èérún igi inú kéèjì tiẹ̀ ra wọ́n lára, ẹ kó wọn mọ́ àárín ọmọ ẹ̀.

Tó bá ti tó bí ọjọ́ 5 sí 7, tírun bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ẹ ò ní rí wàrà yẹn dáadáa mọ́, sikéèlì lẹ máa lò, kí wọ́n máa wúwo sí i lójoojúmọ́.

Ó yá, a ti kó wọn padà, ẹ fi ìtẹ́ bò wọ́n, ẹ dá ìyá padà, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ wò ó, ó ti lọ dọ̀bálẹ̀ lé wọn lórí. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ dọ̀la.