Gèlè tó gba ẹ̀mí là: ta ló yẹ kí káńsù yẹ́ sí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹ bá mi fojú inú wo nǹkan kan.

Ọ̀sán gangan ni, nítòsí Interchange Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Bìní. Bọ́ọ̀sì kan ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Èrò kan jókòó sẹ́bàá kòtò, ẹ̀jẹ̀ ń ya lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ti yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò. Màmá kan tó ń ta bọ̀ọ̀lì tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a bí òṣùká, ó fi lé ojú egbò, ó sì fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ní, "Màmá, ẹ ṣí i wò, bóyá ó ti dá." Màmá ní rárá. Kò gbé ọwọ́ kúrò títí ọkọ̀ fi dé.

Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ṣe o, mi ò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ná ọ̀nà yẹn mọ̀ pé irú rẹ̀ kì í ṣe àlọ́. Èrò tí wọ́n gbà là lè ti padà sí Ọ̀rẹ̀ tàbí Bìní. Ta ló máa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá?

Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo rí i pé iṣẹ́ yẹn tọ́ sí. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, 9 wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù mọ ẹni tó ń ta bọ̀ọ̀lì. Gómìnà ò lè mọ̀ ọ́n. Ní ìlú òyìnbó, àwọn káńsù máa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá síbi ìpàdé, wọ́n á ka ohun tó ṣe sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀yẹ.

Ṣé kí wọ́n fún un lówó náà ni? Ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ̀rín ló pa mí. Ní London lọ́dún 1774, dókítà méjì, William Hawes àti Thomas Cogan, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń rì sómi. Royal Humane Society ni wọ́n ń pè é lónìí. Owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ẹni tó bá yọ èèyàn. Làwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ bá gbọ́! Ọ̀kan á kó sómi bí ẹni tó ń rì, èkejì á yọ ọ́, wọ́n á wá pín owó náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ àti ìwé ẹ̀rí rọ́pò owó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo mọ ohun tí owó lè mú ẹ̀dá ṣe.

Ìwé tó, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n kọ sínú rẹ̀? "Nítorí ìwà akin rẹ̀" kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ó fi gèlè tẹ egbò mọ́lẹ̀, kò sì ṣí i wò. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà lè lò ó lọ́la.

Àwọn kan tún wà tí fídíò kì í yà. Ní Ogun Waterside, ìjọba ìbílẹ̀ wa tó wà létí omi, ẹni tó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí ẹni tó ń rì, tí kò bẹ́ sómi fúnra rẹ̀, ohun tó tọ́ ló ṣe. Ẹni tó ń rì lè fa olùgbàlà mọ́ra, kí méjèèjì bá omi lọ. Ẹni tó lé èrò sẹ́yìn nígbà tí tàǹkà epo dà, èébú ló máa gbà lọ́jọ́ náà. Ní tèmi, òun gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. "Bí mo bá gbé e dé ọsibítù, ṣé wọn ò ní tì mí mọ́lé?" Òfin ọdún 2017 lórí ẹni tí ìbọn bà ní kí ọsibítù gbà á, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó wà o, kò sí o. Ọsibítù ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Òfin yẹn kan náà ní kí wọ́n má fi ìbéèrè tí kò yẹ dójú ti ẹni tó ṣèrànwọ́. Òfin ìlera ti ọdún 2014 kò fẹ́ kí ilé ìwòsàn kọ aláìsàn pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló ń ka ìwé òfin? Bí èmi bá jẹ́ alága káńsù, DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ni màá ní kó gbé ìwé ẹ̀yẹ lé màmá lọ́wọ́, kó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lójú gbogbo ọjà.

Bí ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí kánsẹ́lọ̀ yín: ọjọ́ wo, ibo ni, kí ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ta ló rí i. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gbà là kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, 122 ni nọ́ńbà àwọn Road Safety. 112 wà fún pàjáwìrì gbogbo.

Kí wọ́n sì fi gèlè tuntun kún ìwé màmá o. Èyí tó lò lọ́jọ́ náà ti bá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù.