Káàdì Kì í Ṣe Àrokò Sàtánì: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kubwa, Abuja

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín. Ohun tó jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ káàdì tí wọ́n fi ń ṣeré wá síbí lónìí ni ariwo kan tó gba orí WhatsApp, pé Sàtánì ló fi í pàrokò sí ọmọ aráyé. Ẹ jẹ́ ká kúkú wo káàdì náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Ṣáínà ló ti ṣẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń fi pákó gbígbẹ́ tẹ àwòrán sórí bébà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni Yúróòpù ti gbà á. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ààfin Topkapı ní Istanbul: káàdì àwọn Mamluk tó jọba ní Íjíbítì, èyí tí onímọ̀ kan, L. A. Mayer, rí níbẹ̀ ní 1931. Ewé gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, wọ́n fi wúrà àti búlúù kùn ún. Kò sí ojú èèyàn lórí rẹ̀. Oyè ọba àti ti igbákejì rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Ìdílé mẹ́rin, ìyẹn àmì tí wọ́n fi pín in, ló ní: ife, owó wúrà, idà, àti ọ̀pá póòlò, èyí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹṣin.

Ọ̀pá póòlò yìí ni mo fẹ́ ká dúró tì. Àwa tí à ń gbé Òkè Ọya mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti dé pápá póòlò Kaduna tàbí Kano rí ti rí bí orí rẹ̀ ṣe rí. Àwọn ará Ítálì àti Sípéènì ìgbà náà kò mọ eré yẹn. Nígbà tí wọ́n ń ya káàdì náà, ó di ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ Ítálì, ó di kùmọ̀ lọ́wọ́ Sípéènì. Ẹni tó ń yà á kò mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀, ló bá fi èyí tó mọ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí ìtumọ̀ ṣe ń wọ ara káàdì nìyẹn o: ọwọ́ èèyàn ló ń fi í síbẹ̀, lẹ́yìn tí káàdì ti wà. Igbákejì ọba yẹn náà, nā'ib, ẹ mọ̀ ọ́n: òun ni Nóíbì tó ń ran ìmáàmù wa lọ́wọ́. Títí dòní, naipe ni àwọn Sípéènì ń pe káàdì. Ní 1377, ìlú Florence ní Ítálì ti ń ṣòfin lé káàdì lórí.

Àwọn tó ń fi ìṣirò dẹ́rù bani ní káàdì jẹ́ 52 bí ọ̀sẹ̀ inú ọdún, pé àròpọ̀ nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 364, kí káàdì àfikún tí wọ́n ń pè ní Joker sọ ọ́ di 365 bí ọjọ́ inú ọdún. Àròpọ̀ náà pé. Àmọ́ Amẹ́ríkà ni Joker ti wọlé, lẹ́yìn 1850. Káàdì Sípéènì jẹ́ 40 tàbí 48, ti Jámánì 32 tàbí 36, ọdún wọn kò sì kúrú ju tiwa lọ.

Ti tarot, irú káàdì tí wọ́n fi ń woṣẹ́, kí n sáré sọ ọ́, alága ti ń nawọ́ aago sí mi: eré lásán ni ní Ítálì láti nǹkan bí 1440. Ní 1781 ni òǹkọ̀wé kan, Court de Gébelin, kọ ọ́ ní Paris pé ọgbọ́n Íjíbítì àtijọ́ ni, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó lè ka ìwé Íjíbítì àtijọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wé Ifá tó ní ẹsẹ̀, tó ní akọ́dá àti aṣẹ̀dá.

Ibẹ̀ ni ìyá kan ti dìde lẹ́yìn: "Olùkọ́, ace of spades tí wọ́n ń pè ní káàdì ikú ńkọ́? Mo ti dáná sun káàdì ọmọ mi nítorí rẹ̀."

Ìbéèrè yìí ló gba ìyókù àkókò wa. Ìyá wa, ikú wà nínú ìtàn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó orí ló fà á. Ní 1711 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kún owó orí káàdì gidi gan-an. Nígbà tó yá, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń tẹ ace náà, kó lè jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ti san owó. Wọ́n so ọkùnrin kan, Richard Harding, kọ́ ní 1805 torí pé ó ṣe ayédèrú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọnà ara rẹ̀ fi pọ̀ ju ti àwọn ace mẹ́ta yòókù lọ, tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ sì sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ó ní kí ni kí òun wá ṣe báyìí. Mo ní kó ra òmíràn fún ọmọ náà. Bó bá ń fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́, ìyẹn ni kó bá a wí sí.