Ta Ni Òfin Owó Ìrànwọ́ Ń Tì Síta?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Ìkòròdú nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ìjókòó. Ìṣirò kékeré kan ni ká fi bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu òfin owó-yíyá akẹ́kọ̀ọ́. Òfin náà ní bí owó tó ń wọlé fún ìdílé ọmọ kan lọ́dún bá ti tó 500,000 náírà, kó má wulẹ̀ wá. Torí àtirí òtòṣì ni wọ́n ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 30,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ lásìkò yẹn. Bí bàbá bá ń ṣọ́ géètì ní iléeṣẹ́ ìjọba, tí ìyá ń gbálẹ̀ níbẹ̀, tí kálukú ń gba 30,000, owó àwọn méjèèjì lọ́dún jẹ́ 720,000. Gétìmáànù àti agbálẹ̀ ti di olówó lójú òfin.

Ti oníduròó ló tún wá dùn mí jù. Méjì ni wọ́n béèrè: òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ìpele 12, tàbí agbẹjọ́rò tó ti lo ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́, tàbí adájọ́ àti irú wọn. Ẹ mú ìyá tó ń yan ẹja ní Baiyeku. Ta ló mọ̀ nínú wọn? Bó bá tiẹ̀ mọ agbẹjọ́rò, bóyá èyí tí onílé gbà láti lé e jáde ni. (Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ṣàwàdà.) Kí ni yóò fi jẹ́rìí iye tó ń wọlé fún un? Kò gba owó oṣù níbì kan. Ìlà ṣọ́ọ̀kì lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni ìwé ìṣirò tirẹ̀, ìlà kan fún agbọ̀n ẹja kan tí oníbàárà kó láwìn. Bí wọ́n bá sanwó, á fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò. Ọ́fíìsì wo ló máa lu òǹtẹ̀ sí ìyẹn? Òfin ń wá òtòṣì, ó sì ní kí òtòṣì lọ mú ohun tó jẹ́ pé ẹni tó rí já jẹ nìkan ló ní wá.

Wọ́n tún un ṣe. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò rẹ̀. Gbèdéke 500,000 lọ, oníduròó náà lọ. NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti ti ilé-ẹ̀kọ́ ni NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń béèrè báyìí. Owó yunifásítì ń lọ tààrà sí àpò yunifásítì, kò sí èlé lórí rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni ẹni tó bá ti ríṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Ó dáa, àmọ́ gbèsè ṣì ni.

Ti ẹ̀bùn, owó tí èèyàn kì í san padà, ńkọ́? Ní ìpínlẹ̀ California l'Amẹ́ríkà, Cal Grant ni wọ́n ń pe ẹ̀bùn tiwọn. Tẹ́lẹ̀, ọmọ tí kò bá béèrè láàárín ọdún kan lẹ́yìn tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì, àárín àwọn tó ń du ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́kù ló máa bọ́ sí. Ẹ wo àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní fáktìrì ní Odogunyan fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin kí wọ́n tó rówó JAMB! Lọ́dún 2021, California mú gbèdéke ọjọ́ orí àti ti ọdún tí èèyàn jáde ilé-ìwé kúrò fún àwọn tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti ìjọba. Lọ́dún 2022, wọ́n tún ṣòfin tó máa la ọ̀nà náà sí i, ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ owó tí ìjọba bá ní lọ́wọ́ lọ́dún 2024. Ọdún náà dé, owó ò tó, òfin náà ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣíṣí ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, owó lọ́tọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tiwa, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ni géètì bọ́sárì, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìpínlẹ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. Èkó ti ń fún olùgbé ní káàdì LASRRA, àjọ tó ń forúkọ olùgbé sílẹ̀. Mo ní ẹni tó ń gbé ìpínlẹ̀ kan, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ni kí bọ́sárì ibẹ̀ máa wò.

Bàbá kan nawọ́ sókè: “Ṣé ká wá máa fi owó ọmọ wa rán ọmọ ọlọ́mọ níléèwé ni?” Mo ní, ẹ má bínú sà, ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sí Ìkòròdú níbí, tí ìyá rẹ̀ ń san owó ọjà ní Sábó, ṣé owó ìyá rẹ̀ kò sí nínú àpò ìjọba ni? Bàbá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fún ti òun. Mi ò bá wọn jiyàn, nítorí ẹ̀rù pé iye owó tó wà nílẹ̀ kò ní í tó ló ń bà wọ́n. Kí ìjọba sọ iye náà fún wa, kí wọ́n sì kọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kàn sílẹ̀ gbangba kí fọ́ọ̀mù tó jáde.