Orúkọ Lẹ́yìn Àga: Ṣọ́ọ̀ṣì Ìrántí St George ní Ypres

Ẹ̀yin olólùfẹ́ ìtàn, ẹ kú ìjókòó. Ṣọ́ọ̀ṣì tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kò tóbi. Ypres ló wà, ní ìwọ̀-oòrùn Bẹ́ljíọ̀m, nítòsí kàtídírà ńlá àwọn Àgùdà tí wọ́n ń pè ní St Martin. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilé agogo rẹ̀ kò sì ga. Ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ lè kọjá lọ láìbojú wẹ̀yìn.

Láàrin 1914 sí 1918, Ogun Àgbáyé Kìíní sọ Ypres di àlàpà. Ẹ̀gbẹ́ ìlú yìí ni Jámánì ti tú gáàsì olóró lé àwọn ọ̀tá rẹ̀ lórí ní oṣù Kẹrin 1915. Nígbà tí ogun parí, Winston Churchill fẹ́ kí wọ́n fi àwókù ìlú náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kó di ìrántí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ onílùú kọ̀ jálẹ̀. Ilé wọn ni wọ́n fẹ́ padà sí, wọ́n sì jàre. Ìlú tún dìde, ó wá di pé kí Gẹ̀ẹ́sì wá ibòmíràn tí yóò ti máa rántí òkú rẹ̀.

Ibi méjì ni wọ́n rí, ayàwòrán ilé kan náà, Sir Reginald Blomfield, ló sì ya méjèèjì. Ọ̀kan ni Ẹnubodè Menin, tí orúkọ àwọn tó lé ní 54,000 tí a kò mọ sàréè wọn wà lára òkúta rẹ̀. Ọ̀gágun Plumer ló ṣí i ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 1927. Ó sọ nípa ọmọ ogun tí a kò rí òkú rẹ̀ pé: “Kò sọnù, ibí ló wà.” Ọjọ́ yẹn kan náà ló fi òkúta ìpìlẹ̀ St George lélẹ̀. Sir John French, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó ké sí aráàlú ní 1924 pé kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ti kú ní 1925. Kò fojú rí i. Bíṣọ́ọ̀bù Fulham, ti ìjọ Áńgílíkà, ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 1929.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú rẹ̀ wàyí, nítorí inú ni ọ̀rọ̀ wà. Lójú tèmi, ohun tó dára jù tí Blomfield ṣe níbẹ̀ ni pé kò kó ọ̀ṣọ́ tirẹ̀ jọ síbẹ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìdílé àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ló kó ẹrù kún un. Àwọn fèrèsé aláwọ̀ mèremère, ìrántí ni wọ́n. Àsíá tó rọ̀ sókè, ìrántí ni. Tìmùtìmù tí a ń kúnlẹ̀ lé, wọ́n fi òwú kọ àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun sí i lára. Ẹ wá wo àga: awo idẹ pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ olóògbé kan ló wà lára rẹ̀. Bí ìwàásù bá ń lọ, orúkọ yẹn ni ojú ẹni tó jókòó lẹ́yìn yóò máa bá pàdé. Ta ló lè ka orúkọ 54,000 tán? Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo, o lè kà á títí yóò fi mọ́ ẹ lórí.

Àlejò nìkan kọ́ ló ń jọ́sìn níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun ti fìdí kalẹ̀ sílùú náà, ọ̀pọ̀ wọn sì fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún ọmọ wọn, ní ìrántí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Eton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú sójú ogun. Nígbà tí Jámánì tún dé ní oṣù Karùn-ún 1940, ilé ẹ̀kọ́ náà tú ká, wọn kò sì tún un ṣí mọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì kò tú ká ní tirẹ̀, ẹrù rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ní 2017 ni wọ́n gbé agogo 8 sínú ilé agogo náà, irú èyí tí wọ́n ń lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí olúkúlùkù ń di okùn tirẹ̀ mú, tí wọ́n sì ń fà á tẹ̀léra wọn.