Ìdíje Ìrántí Capablanca: Ṣẹ́ẹ̀sì àti Ọ̀rọ̀ Ìjọba ní Kúbà

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kí a tó dé orí ìdíje ọ̀hún, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n fi ń rántí. Havana ni wọ́n bí José Raúl Capablanca sí ní 1888. Ìlú yìí kan náà ló ti gba ipò olúborí àgbáyé nínú ṣẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ Emanuel Lasker ní 1921, láìpàdánù ẹyọ kan, kí Alekhine tó gbà á lọ́wọ́ òun náà ní Buenos Aires ní 1927. New York ló kú sí ní 1942, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ padà wálé.

Ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1962, ni ìdíje ìrántí náà bẹ̀rẹ̀ ní Havana. Lójú tèmi, ìdíje yìí kò ṣe é yà kúrò lára ọ̀rọ̀ ìjọba, nítorí ìjọba ló gbé e ró. Che Guevara, tí ó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ nígbà náà tí ó sì fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀sì gan-an, wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn jù. Miguel Najdorf ti Ajẹntínà ló gbégbá orókè. Nígbà tí ó sì dojú kọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún yẹn, òun àti Guevara ta ọ̀mì.

Ọdún 1965 gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n pe Bobby Fischer, ọ̀jáfáfá ọmọ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìjọba Amẹ́ríkà kò yọ̀ǹda kí ó wọ Kúbà. Ni ó bá jókòó sí ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì Marshall ní New York, tí ó ń fi tẹ́lẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn, sọ bí ó ṣe ń sún ọmọ ayò. Ọmọ Capablanca fúnra rẹ̀ ló sì ń bá a sún un lórí pátákó ní Havana. Nígbà tí Fischer gbọ́ pé Fidel Castro, olórí Kúbà, ń fi ọ̀rọ̀ náà yangàn, ó halẹ̀ pé òun yóò fà sẹ́yìn. Castro ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, ìdíje sì ń bá a lọ. Ẹni tó bá mọ bí sùúrù ṣe ń tán lójú ayò yóò mọ̀ pé kò rọrùn láti dúró de èsì láti òkè òkun nígbà gbogbo, pàápàá nínú ìdíje tí ẹni méjìlélógún kópa. Síbẹ̀, Fischer, Geller ará Sófíẹ̀tì àti Ivkov ará Yugoslavia jọ wà ní ipò kejì pẹ̀lú máàkì 15, Smyslov ará Sófíẹ̀tì sì fi ìdajì máàkì péré jù wọ́n lọ. Ivkov ìbá tilẹ̀ borí: nígbà tí ìdíje ti ń parí lọ, ó fi àṣìṣe kan ṣoṣo pàdánù sọ́wọ́ Gilberto García, ọmọ Kúbà tí ẹnikẹ́ni kò kà sí.

Láti ìgbà náà, Cienfuegos, ìlú mìíràn ní Kúbà, náà ti gbàlejò ìdíje yìí. Vassily Ivanchuk ti Ukraine ti gbégbá orókè nínú ìdíje náà ju ìgbà márùn-ún lọ. Ní ti àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, Leinier Domínguez borí ní 2004, 2008 àti 2009, ṣùgbọ́n láti òpin 2018, Amẹ́ríkà ló ń ta fún.